Àmúwá Ọlọ́hun Kò Pa Gbèsè Ẹ̀jẹ̀ Rẹ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ẹ̀mí, tí ó sì ṣe é ní ohun ọ̀wọ̀. Òun nìkan ni ó ń fúnni ní ìyè, Òun nìkan ni ó sì ní àṣẹ láti gbà á. A jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí ní òdodo àyàfi Allāhu, a sì jẹ́rìí pé Ànábì Muhammad, ẹrú Rẹ̀ àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn Sàhábé rẹ̀, títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń gba ẹ̀yin àti ara wa níyànjú pé kí á bẹ̀rù Ọlọ́hun ní gbangba àti ní kọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ ní ọjọ́ Jímọ̀ òní wúwo. Ó kan ojú ọ̀nà wa, ó kan ìgbẹ́ wa, ó sì kan àárín ọjà wa.

Gbogbo wa ni a mọ ọ̀nà tí ó ti Ìsẹ́yìn lọ sí Ṣakí, a sì mọ bí ọ̀kadà àti ọkọ̀ akẹ́rù ṣe ń sáré lórí rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá gbá ọmọdé pa, nǹkan méjì ni ojú wa sábà máa ń rí. Èkíní, èrò yóò pé jọ, wọn yóò fẹ́ lu awakọ̀ pa, wọn yóò fẹ́ dáná sun ọkọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní béèrè bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Èkejì, bí ara bá ti rọlẹ̀, àwọn àgbààgbà yóò pe àfáà mọ́ra, wọn yóò lọ bá bàbá ọmọ náà nílé. Wọn yóò sọ pé, "Ẹ gbà fún Ọlọ́hun, àmúwá Rẹ̀ ni." Wọn yóò ṣe àdúrà, wọn yóò dìde, ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀.

Ó dà bí ẹni pé ìwà méjèèjì yìí takora, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹni tí ó gbé ẹ̀tù iná dání ń sọ pé gbogbo ẹni tí ènìyàn bá tọwọ́ rẹ̀ kú ni apànìyàn. Ẹni tí ó sọ pé àmúwá ni ń sọ pé kò sí apànìyàn níbẹ̀ rárá. Àwọn méjèèjì ni ó sá fún ìbéèrè tí Ọlọ́hun pa láṣẹ pé kí á béèrè: kí ni ó wà lọ́kàn ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ pa ènìyàn, kí sì ni ó jẹ olóògbé ní gbèsè?

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú Al-Kùránì. Nínú Súrà kẹrin, Súrà àwọn obìnrin, āyà 92 àti 93 tẹ̀lé ara wọn, wọ́n sì pín ọ̀nà. Āyà 92 sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó ṣèèṣì pa onígbàgbọ́ òdodo. Ọlọ́hun kò pe onítọ̀hún ní apààyàn tí yóò wọ iná, ṣùgbọ́n kò sì jẹ́ kí ó lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó pa á láṣẹ fún un kí ó dá ẹrú kan tí ó jẹ́ onígbàgbọ́ sílẹ̀, kí ó sì san owó ẹ̀mí fún àwọn ará ilé olóògbé, àyàfi bí àwọn fúnra wọn bá yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí ẹrú dá sílẹ̀ yóò gba ààwẹ̀ oṣù méjì léra wọn. Āyà 93 wá sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ pa onígbàgbọ́. Níbẹ̀, Ọlọ́hun kò dárúkọ ààwẹ̀, kò dárúkọ owó. Iná, ìbínú Rẹ̀ àti ègún Rẹ̀ ni Ó dárúkọ.

Òkú kan náà ni ó wà nílẹ̀ nínú āyà méjèèjì. Ẹkún ìyá olóògbé kò yàtọ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ọkàn ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe é. Nítorí náà, ẹni tí kò fẹ́ béèrè nípa ọkàn ń da ohun tí Ọlọ́hun yà sọ́tọ̀ pọ̀ ni.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn wa ronú gidigidi lórí ìpín yìí. Ní ayé Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, obìnrin méjì nínú ẹ̀yà Hudhayl jà. Ọ̀kan sọ òkúta lu èkejì, obìnrin náà kú, oyún inú rẹ̀ náà sì bàjẹ́. Ànábì dájọ́ pé kí àwọn ẹbí ẹni tí ó sọ òkúta san owó ẹ̀mí obìnrin náà, ó sì dá ìtánràn tirẹ̀ lọ́tọ̀ fún oyún. Láti ara ìdájọ́ yìí ni Imam Abu Hanifa, Imam Shafi'i àti Imam Ahmad ti fa ìpín kẹta yọ, èyí tí ó wà láàárín ìmọ̀ọ́mọ̀ àti èèṣì: kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ lu ẹnìkejì rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí kì í sábà pani, kí onítọ̀hún sì kú.

Imam Malik, ẹni tí àwa ní ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé ọ̀nà rẹ̀, kò gba ìpín kẹta yìí wọlé bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹni tí ó fi ìbínú àti ọ̀tá lu ènìyàn, ìbáà ṣe ọ̀pá ni ó fi lù ú, bí onítọ̀hún bá kú, ó ti wọ ìpín ìmọ̀ọ́mọ̀. Kò lè sọ pé, "Mo kàn fẹ́ fi ìyà jẹ ẹ́ ni." Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé a óò padà dé orí rẹ̀.

Ẹlòmíràn lè sọ pé, "Àfáà, ìlú Ọ̀yọ́ ni a wà, ilé-ẹjọ́ wa kì í fi Ṣàríà dá ẹjọ́ ìpànìyàn." Òótọ́ ni. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí ìjọba gẹ̀ẹ́sì fi lélẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà ní ọdún 1916 ni ó bí èyí tí a ń lò ní gúúsù títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí òfin náà sọ. Ó ní gbogbo ìpànìyàn ni ó lòdì sí òfin, àfi èyí tí òfin bá fi àṣẹ sí tàbí tí ó bá ṣe àforíjì fún. Lẹ́yìn èyí, ó pín in sí ọ̀nà méjì pàtàkì. Bí ẹni náà bá pète láti pa ènìyàn, tàbí bí ó bá pète láti ṣe é léṣe gidigidi, tí ẹni náà sì kú, ìmọ̀ọ́mọ̀ pànìyàn ni, ìdájọ́ ikú sì ni ìjìyà rẹ̀. Bí kò bá ní irú ète bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ìwà àìtọ́ tàbí àìbìkítà rẹ̀ tó kọjá àlà ni ó pa ènìyàn, àwọn agbẹjọ́rò ń pè é ní manslaughter, ó sì lè ti ibẹ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére. Inú ìpín kejì yìí náà ni òfin fi ẹni tí wọ́n mú bínú lójijì sí, tí ó pa ènìyàn kí ara rẹ̀ tó balẹ̀.

Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ "mo kàn fẹ́ fi ìyà jẹ ẹ́" kò gba ènìyàn là nínú òfin ìjọba, gẹ́gẹ́ bí kò ṣe gbà á là lọ́dọ̀ Imam Malik. Ẹni tí ó bá sì gba Kíṣí kọjá wọ ilẹ̀ Kwárà ti wọ abẹ́ ìwé òfin mìíràn, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Àríwá ní ọdún 1960. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n òun náà ya ìpànìyàn tí ó la ikú lọ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò la ikú lọ.

Ibi tí òfin ìjọba àti ọ̀nà Malik ti kọlu ara wọn ni ọ̀rọ̀ ìbínú òjijì. Ní ọdún 1947, ẹjọ́ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Tsofo Gubba, tí ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀ Gwandu ti dá, dé ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀nà Malik ni ilé-ẹjọ́ Gwandu fi dá a, ọ̀nà náà kò sì sọ pé ìmúnibínú lè sọ ìmọ̀ọ́mọ̀ di ohun tí ó kéré. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé ibi tí ìwé òfin ìjọba bá ti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan, ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀ kò lè gbé e tì sí ẹ̀gbẹ́. Àríyànjiyàn tí ó tẹ̀lé èyí pẹ́. Ó wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba Àríwá yan ìgbìmọ̀ ní ọdún 1958, tí adájọ́ àgbà ilẹ̀ Sudan, Abu Rannat, jẹ́ alága rẹ̀. Láti inú iṣẹ́ wọn ni ìwé òfin ọdún 1960 ti jáde.

Kí ni ìdí tí a fi sọ ìtàn yìí? Kí á lè mọ̀ pé àwọn ènìyàn tí wọ́n ní ọgbọ́n àti ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ti jiyàn lórí bí ó ṣe yẹ kí á wọn ìbínú. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó sọ pé kí á má wọ̀n ọ́n. Òfin tí ó ṣíjú àánú wo ẹni tí a mú bínú kò dá a sílẹ̀ pé kí ó máa lọ ilé. Ìbínú kò ṣe nǹkan fúnni, sùúrù ni baba ìwà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdánilójú ẹni tí ó pani kì í ṣe àwíjàre fún un. Usama ọmọ Zayd, ààyò Ànábì, pa ọkùnrin kan lójú ogun lẹ́yìn tí onítọ̀hún ti pe gbólóhùn ìjẹ́rìí. Ó dá Usama lójú pé ìbẹ̀rù idà ni ó mú un pè é. Ànábì bi í léèrè bóyá ó la ọkàn ọkùnrin náà wò, ó sì ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ títí Usama fi fẹ́ kí ó jẹ́ pé ọjọ́ náà gan-an ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Ìsìláàmù. Ní Nàìjíríà níbí, ní ọdún 1954, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gbọ́ ẹjọ́ Gadam, ẹni tí ó lu obìnrin kan pa nítorí ó gbàgbọ́ pé obìnrin náà ń fi àjẹ́ ṣe ìyàwó òun. Àwọn adájọ́ gbà pé ìgbàgbọ́ náà lè wà lọ́kàn rẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì gbà pé ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ènìyàn, síbẹ̀ wọ́n ní kò bọ́gbọ́n mu tó láti gba ẹni tí ó pani là. Kí àwa tí a ń nàka sí ìyá arúgbó ní àdúgbò wa gbọ́ èyí dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí àárín ọjà. Bí wọ́n bá pariwo "olè", tí èèyàn ogún dìde, tí ọ̀kan mú táyà wá, tí ọ̀kan mú pẹtiróòlù wá, tí àwọn yòókù ń sọ òkúta, ta ni ó pa ọkùnrin náà? Olúkúlùkù yóò sọ pé òkúta kan péré ni òun sọ. Khalifa Umar dájọ́ ikú fún àwọn ènìyàn tí wọ́n pawọ́ pọ̀ pa ẹnì kan ní ilẹ̀ Yemen, ó sì sọ pé bí ó bá jẹ́ gbogbo ará ìlú San'a ni ó pawọ́ pọ̀ ṣe é, gbogbo wọn ni òun ì bá dájọ́ náà fún. Ìtàn yìí wà nínú Muwatta Imam Malik. Òfin ìjọba náà ka ẹni tí ó ṣe é, ẹni tí ó ràn án lọ́wọ́, ẹni tí ó gbà á nímọ̀ràn àti àwọn tí wọ́n jọ ní ète kan náà sí ẹlẹ́ṣẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Èyí tí kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó dá a ńkọ́?

Ìpín kan tún wà tí ọ̀nà Malik fi ọwọ́ líle mú: kí ènìyàn fi ẹ̀tàn mú ẹnìkejì rẹ̀ lọ sí kọ̀rọ̀, kí ó sì pa á nítorí ohun ìní. Nínú ìpànìyàn ìmọ̀ọ́mọ̀ yòókù, àwọn ẹbí olóògbé lè dárí jì. Nínú èyí, Malik ní ìdáríjì wọn kò dá ìjìyà dúró, nítorí pé gbogbo ìlú ni ẹni náà gbógun tì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n ń tan ní ìtànjẹ pé owó wà nínú ẹ̀yà ara ènìyàn, ẹ gbọ́ pé kò sí ìpànìyàn tí ó burú tó èyí. Ẹni tí ó ta ọfà sókè, tí ó yí odó borí, ojú Ọba òkè ń wò ó.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ kù sí ọ̀dọ̀ wa, àwa tí a kò pète ibi. Ọdẹ ń ṣọ́ ẹran lóru nínú ìgbẹ́ Òkè-Ògùn. Ó gbọ́ pé ewé ń mì, ó yìnbọn, ènìyàn ni ó bọ́ sí. Awakọ̀ mọ̀ pé bíréékì òun kò mú dáadáa láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ó ní òun yóò tún un ṣe bí òun bá dé láti ọjà Ṣakí, kò sì dé kí ọkọ̀ tó já wọ inú èrò. Òfin ìjọba ṣe àforíjì fún èèṣì tí kò sí ọwọ́ ènìyàn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe é fún àìbìkítà. Ẹni tí ìbọn tàbí ọkọ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, òfin ti di ìṣọ́ra lé e lórí.

Ṣàríà lọ jìnnà ju èyí lọ. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èèṣì pátápátá ni, gbèsè kò parẹ́. Nínú Risala Ibn Abi Zayd al-Qayrawani, tí a ń kà ní ilé-kéwú wa, owó ẹ̀mí jẹ́ ràkúnmí 100, tàbí dínárì wúrà 1,000, èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ lé ní kílò 4. Àwọn ẹbí ìhà baba ẹni tí ó ṣèèṣì ni yóò pín in san láàárín ọdún mẹ́ta. Kí ló dé tí ó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò ní ète ibi? Ìdí ni pé a kò fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí ó pani wọn ẹ̀mí ẹni tí ó kú. Ẹ̀ṣẹ̀ lè kéré, kí ẹ̀mí má kéré. Ẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àárín ẹni náà àti Ọlọ́hun. Gbèsè jẹ́ ọ̀rọ̀ àárín rẹ̀ àti àwọn tí wọ́n ń sunkún.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ "àmúwá Ọlọ́hun" ti ń ṣì wá lọ́nà. A gba kádàrá gbọ́, rere rẹ̀ àti búburú rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́ kì í ṣe onígbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ronú síi. Ẹni tí awakọ̀ ṣèèṣì gbá, kádàrá ni ó pa á. Ẹni tí wọ́n fi ọ̀bẹ gún, kádàrá náà ni. Bí kádàrá bá jẹ́ àwíjàre fún ẹnì kan, ó di àwíjàre fún gbogbo ènìyàn, a jẹ́ pé āyà 92 àti 93 kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe. Kádàrá wà láti tu ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nínú. Kò sí níbẹ̀ láti gba ẹni tí ó jẹ gbèsè sílẹ̀. Ẹnu bàbá tí ọmọ rẹ̀ kú ni ó yẹ kí á ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu awakọ̀, kì í sì í ṣe ẹnu àwa tí a bá awakọ̀ wá bẹ̀bẹ̀.

Ẹ wo Ànábì Músá, kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Súrà kejìdínlọ́gbọ̀n sọ fún wa pé ó fẹ́ gba ẹnì kan lọ́wọ́ ọ̀tá, ó gbá ọ̀tá náà ní ẹ̀ṣẹ́, onítọ̀hún sì kú. Kò pète láti pa á. Síbẹ̀, kò sọ pé àmúwá ni. Ó sọ pé iṣẹ́ èṣù ni, ó jẹ́wọ́ pé òun ṣe àbòsí sí ara òun, ó tọrọ àforíjì, Ọlọ́hun sì forí jì í. Bákan náà ni hádíìsì tí ó ní àlàáfíà sọ fún wa pé ní ọjọ́ Àjíǹde, bí àwọn ènìyàn bá wá bẹ Músá pé kí ó bá wọn ṣìpẹ̀, yóò rántí ẹ̀mí kan tí òun pa tí wọn kò pa láṣẹ fún òun, ojú yóò sì tì í. Ọlọ́hun ti dárí jì í, òun kò gbàgbé. Àwa tí a kì í ṣe Ànábì, báwo ni a ṣe ń gbàgbé láàárín ọjọ́ mẹ́jọ?

Ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ fún ara wa. Àwa àfáà náà jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ti pè wá lọ síbi irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, a sì ti lọ. A ti ka Fātíhà, a ti sọ̀rọ̀ kádàrá, a sì ti dìde láì bi ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe é bóyá ó ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ oṣù méjì. Ọlọ́hun pa á láṣẹ, a sì fi ojú fò ó dá. Àlàáfíà ìlú ni a ń wá, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ẹni tí ó wà nínú sàréè ni a fi rà á. A ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, a kò sì ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ohun tí ó wà ní agbára wa ni kí á ṣe. Ẹni tí èèṣì bá tọwọ́ rẹ̀ wáyé, kí ó dúró, kí ó gbé ẹni tí ó fara pa lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sì fi ara rẹ̀ han àwọn ọlọ́pàá. Kí ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ bí ó ti rí, títí kan bíréékì tí kò tún ṣe. Kí ó gba ààwẹ̀ oṣù méjì léra wọn. Kí òun àti ẹbí rẹ̀ tọ àwọn ọlọ́fọ̀ lọ, kí wọ́n jẹ́wọ́ gbèsè, kí wọ́n sì bá wọn sọ ohun tí agbára wọn ká. Owó ẹ̀mí kì í ṣe owó tí a fi ń pa ìwé ẹjọ́ rẹ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tí ó bá fi í ṣe bẹ́ẹ̀ ti sọ ohun mímọ́ di rìbá. Ẹ̀yin èrò ọ̀nà, ẹ mú afurasí lé àwọn agbófinró lọ́wọ́, kí ẹ má sì fi ẹ̀jẹ̀ kejì kún ti àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin tí wọ́n pa ènìyàn yín, Ọlọ́hun fi ẹ̀tọ́ lé yín lọ́wọ́, Ó sì kìlọ̀ nínú Súrà kẹtàdínlógún pé kí ẹ má tayọ àlà. Ó tún fi yé wa nínú Súrà kejì pé ìdáríjì jẹ́ ìrọ̀rùn àti àánú láti ọ̀dọ̀ Rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ ni ìdáríjì náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já a gbà lọ́wọ́ yín. Gbèsè tí a kò jẹ́wọ́ kò ṣe é dárí jì. Bí a bá jẹ́wọ́ rẹ̀, tí ẹ sì yọ̀ǹda, ẹ̀san yín wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

Ànábì wa kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni Ọlọ́hun yóò kọ́kọ́ dájọ́ rẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn ní ọjọ́ ìdájọ́. Ní ọjọ́ náà, a kò ní bi wá bóyá kádàrá ni. Ẹni tí ó kọ kádàrá ni yóò dájọ́. Ohun tí ọkàn wa gbèrò, tí ọwọ́ wa ṣe, àti gbèsè tí a kò san ni a óò bi wá.

Kí Ọlọ́hun dáàbò bo ẹ̀mí wa lójú ọ̀nà, nínú oko àti nínú ilé. Kí Ó má fi ọwọ́ wa pa aláìṣẹ̀, kí Ó má sì fi ọwọ́ ẹlòmíràn pa wá. Kí Ó tu àwọn ọlọ́fọ̀ nínú, kí Ó sì fún àwọn tí wọ́n jẹ gbèsè ẹ̀jẹ̀ ní ọkàn tí yóò jẹ́wọ́. A sọ ọ̀rọ̀ wa yìí, a sì ń tọrọ àforíjì Ọlọ́hun fún ara wa, fún ẹ̀yin àti fún gbogbo Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Àámín.